Nawọ́, Náwó

Ní Pont Ysgaw, bí o ò bá nawọ́,
ọkọ̀ ojú irin ò ní dúró.
Yóò kọjá lára rẹ bí àna tí ẹ jọ ń jà,
yàrá méjì péré ló fà, iná inú rẹ̀ á tàn yòò,
á sì wọ inú òjò lọ.
Bí awakọ̀ ò bá rí ọwọ́ rẹ nínú òkùnkùn oṣù Kejìlá,
o di ẹni tó ń ka wákàtí méjì mìíràn lórí ẹsẹ̀.

Ìdí nìyẹn, nígbà tí lẹ́tà dé
pé owó ìrànwọ́ wà nílẹ̀ fún ìlú tó bá wà létí rélùwéè,
tí Eluned fi bú sẹ́rìn-ín.
Ó ní, "Eré tá a mọ̀ lèyí.
Ẹ nawọ́ sókè,
kí ẹ máa gbàdúrà pé ẹni tó ń wà á ò sùn."

Ojú ewé mọ́kànlélógún ni fọ́ọ̀mù náà.
Èmi ni mo kọ ọ́,
torí kọ̀ǹpútà tèmi ni kì í kú lójijì.
Ìbéèrè kejì: èèyàn mélòó ni yóò jàǹfààní?
Mo kọ igba. Hefin ní kí n ka àgùntàn mọ́ ọn.
Ìbéèrè keje: báwo lẹ ó ṣe wọn ìyípadà náà?
Mo wòta lójú fèrèsé.
Mo rántí yàrá tí èrò ń jókòó sí tẹ́lẹ̀,
tí wọ́n tì pa láti ìgbà tí mo lóyún àkọ́bí mi,
òrùlé tó ń jò, ẹyẹlé tó pamọ sí ojú ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì,
àti Eluned lọ́dún tó kọjá, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
tó ń lọ tọ́jú ojú rẹ̀ nílé ìwòsàn,
tí ìjì yí agbòjò rẹ̀ sódì,
tó nawọ́, nawọ́,
tí ọkọ̀ sì lọ,
torí ìbọ̀wọ́ dúdú ló wọ̀.
Irú ọ̀pá wo ni wọ́n fi ń wọn ìyẹn?
Mo kọ: "A ó ṣe ìwádìí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún."
Kí Ọlọ́run má kà á sí mi lọ́rùn.

Ẹgbàá mẹ́sàn-án pọ́n-ùn la béèrè.
Ẹgbàajì ni wọ́n fún wa.
Ọ̀gbẹ́ni Prosser, tó ti ya ọgbà òdòdó sórí bébà,
tòun ti ìsun omi àti ẹja pupa,
ká bébà náà bí ẹní ilé ọ̀fọ̀.
Ẹnì kan ní ká dá owó ọ̀hún padà, pé ẹ̀tẹ́ ni.
Eluned ní, "Prosser, ìwọ tí o ń sin ẹlẹ́dẹ̀,
ṣé odindi ara rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọ ọgbà ni?
Ṣebí imú ni."

Bá a ṣe náwó rèé. Òrùlé ló jẹ èyí tó pọ̀ jù,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni òkúta pẹlẹbẹ tí Hefin tú
lórí ilé ìsìn tí kò sẹ́ni tó ń kọrin nínú rẹ̀ mọ́.
Bẹ́ǹṣì kan. Kọ́kọ́rọ́ tuntun.
Ọgọ́rin pọ́n-ùn tó ṣẹ́kù, a fi ra iná kékeré kan,
a kàn án mọ́ ògiri níta,
bọ́tìnì rẹ̀ wà níbi tọ́wọ́ arúgbó lè dé:
o tẹ̀ ẹ́, ó tàn, awakọ̀ á rí i láti orí afárá.
Iná yẹn ò sí nínú fọ́ọ̀mù.
Abẹ́ "oríṣiríṣi" ni mo fi í pamọ́ sí.

Ní alẹ́ àkọ́kọ́, òjò ń rọ̀.
Eluned tẹ bọ́tìnì, tòun ti ìbọ̀wọ́ dúdú yẹn.
Ọkọ̀ fà, ó han, ó dúró.
Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì yọrí síta: "Màmá, ibo lẹ̀ ń lọ?"
Ó ní, "Mi ò lọ ibì kankan.
Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa dúró ni."

Ọkùnrin náà kùn sínú, ó ti ilẹ̀kùn.
Wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́rin pẹ́ dé etí òkun.
Eluned padà sórí bẹ́ǹṣì, ó jókòó,
ó ń gbọ́ òjò lórí òrùlé,
òjò tí kò kan án.